Aró Lórí Èékánná

Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Kifayat Àpìkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ìlú ọba kò tíì wọ inú eegun rẹ? Èmi wà, ìkòkò aró mi wà, ọmọ rẹ Humairah náà wà, ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n háyà láti jẹun. Gbogbo ilé ń kí ọ. Àwọn tí o kò dágbére fún nígbà tí o ń lọ náà ń kí ọ.

Mo ti sọ pé n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. Ìgbà tí a sọ ọ́ kẹ́yìn, ìwọ ń pariwo lọ́hùn-ún, èmi ń pariwo níbí, àwọn ará ilé ń gbọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé ni mo fẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ rí mi fín, kí ó jókòó kí ó kọ ọ́, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Rẹ̀mílẹ́kún tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òkè-Fìà yóò máa fi tèmi ránṣẹ́ sí ọ, yóò sì máa tẹ tìrẹ jáde fún mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi pa ọ́ lẹ́rìn-ín nìyí. Àwọn alájẹsára tún dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn kò tíì mọ gèlè í wé, wọ́n gbé kúlà kọ́ èjìká, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn onílé bí ẹni tó wá sin gbèsè. Wọ́n wá lọ́dún tó kọjá. Wọ́n wá ṣáájú ìyẹn. Irú oògùn wo ni ènìyàn ń lò tí kì í tán? Bí mo bá pa aṣọ láró tí ó sì ṣí kí ọdún tó yípo, ta ni yóò tún gbé aṣọ wá fún mi?

O mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kán an sọ́mọ lẹ́nu, wọn a fi máàkà kun èékánná ìka kékeré rẹ̀, kí ẹni tó bá tẹ̀lé wọn lè mọ̀ pé ó ti gbà á. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn ní ilé kejì, mo kó àwọn ọmọ agbo ilé yìí jọ sẹ́yìnkùlé: Humairah, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, àti Àsmá'ù ọmọ Kàósárà, ayálégbé wa tó ń ránṣọ ní Òkè-Fìà. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé, ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ki ìka kékeré wọn bọ inú ìkòkò aró níkọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn wọlé, wọ́n wo èékánná, wọ́n ní, "Àlàájà, ẹ ṣeun o, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ yín." Mo ní kò tọ́pẹ́. Wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri pé ilé wa ti gbà. Gbogbo ìwé tí wọ́n kà, aró inú ìkòkò ló mú wọn.

Fi ọṣẹ tí mo béèrè ránṣẹ́. Kí o sì sọ fún Adéjọbí ọkọ rẹ, tó wà nínú igbó Iperindo tó ń bá wọn wa góòlù, pé kí ó wá wo ọmọ rẹ̀. Góòlù kò ní sá lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràṣídátù Aláró


Manchester
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Màmá mi,

Wa alékùm sàlámù. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ọgbọ́n.

Ẹ ní ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Inú yàrá àyẹ̀wò níbi iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín, ọ̀gá mi bi mí pé ta ló kú. Màmá, ohun tí mo fi Òṣogbo sílẹ̀ wá kọ́ nìyí gan-an: bí kòkòrò àrùn ṣe ń yí padà, àti bí ara ènìyàn ṣe ń dá a mọ̀ tàbí tí kò ní dá a mọ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi ọmọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, torí wọn kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ irú mi mú ọmọ wá síbí. Ẹ̀yin náà lẹ ń fi mí yangàn ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ yín ń di dókítà kòkòrò. Ọmọ dókítà kòkòrò ni ẹ wá ki ìka rẹ̀ bọ aró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, kí ẹ má bàa ní mo fi gẹ̀ẹ́sì bò yín mọ́lẹ̀. Kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ẹ̀yà mẹ́ta ni. Ara tó bá mọ ẹ̀yà kìíní kò mọ ẹ̀yà kejì rárá. Ẹ̀kán, ìyẹn oògùn tí wọ́n kán sí Humairah lẹ́nu lọ́mọ ọwọ́, ti ẹ̀yà kìíní àti ẹ̀kẹta ni. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti yọ ẹ̀yà kejì kúrò nínú èyí tí gbogbo ọmọ ń gbà. Abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ìyanṣẹ́lódì ni àwọn nọ́ọ̀sì wà lọ́sẹ̀ tí a gbé e lọ, a kò sì padà síbẹ̀. Ẹ̀yà kejì yìí gan-an ló ń rìn kiri báyìí. Oògùn rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ gbé sínú kúlà.

Kòkòrò náà kì í sì í dúró lójú kan. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Bí ọmọṣẹ́ yín bá wo aṣọ yín ya tirẹ̀, tí òmíràn wo ti ìyẹn yà, tí ẹnìkan tún wo ti ẹni yẹn, ilà kan á fò, ilà kan á yẹ̀, títí ẹ̀yin tí ẹ ni iṣẹ́ kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́ lọ́jà. Bí kòkòrò náà ṣe ń ṣe nìyẹn láti inú ọmọ kan sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ omi gọ́tà àti ìgbẹ́ ọmọ wò, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń rìn, kí wọ́n sì gbé oògùn tó bá a mu wá. Kì í ṣe pé oògùn ń ṣí.

Ẹ gbé Humairah lọ sí ọ́fíìsì elétò ìlera lọ́la. Ẹ sọ fún wọn pé aró ni. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ ní ọmọ ló fi ṣeré.

Ọmọ yín,
Kifayat


Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Kifayat,

Àsàlámù àlékùm. O kí mi kú ọgbọ́n, mo jẹ́ ẹ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi ni ìwọ ń bá sọ̀rọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, èmi tí mo fi ọwọ́ dúdú yìí wẹ̀ ọ́, tí mo fi í bọ́ ọ, tí mo fi í tì ọ́ lẹ́yìn dé pápákọ̀ òfuurufú.

Rẹ̀mílẹ́kún ka ìwé rẹ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo bú u pé kò mọ ìwà hù, ó ní kí n má bínú, ó sì tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kà á sí mi létí. Ohun tó kà ni pé kòkòrò ẹ̀yà kejì tí o fi ń dẹ́rù bà mí, inú oògùn ẹ̀kán fúnra rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jáde. Mo ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń wò mí.

Ẹni tó bá ń fi àdìrẹ ṣe àpèjúwe fún aláró, kí ó mọ̀ pé aláró yóò béèrè ẹni tó ya àkọ́kọ́. O sọ fún mi pé ọmọṣẹ́ ń wo ti ọmọṣẹ́ yà, ilà ń fò, ilà ń yẹ̀. O kò sọ ta ni ọ̀gá wọn. O mọ̀ ọ́n, o fi pamọ́, nítorí o rò pé òpè kan ló jókòó sí Òkè Baálẹ̀ tí yóò gbé ohun tí o bá sọ mì láìjẹ. A ní kí ẹnìkan wá fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Ìwọ wá ní kí n tún yajú sílẹ̀.

N kò gbé ọmọ lọ síbì kankan. Humairah ń bẹ nílé mi, ó ń sáré, ó ń fọ́ àwo mi. Bí o bá ń ṣàárò rẹ̀, wá gbé e.

Ọṣẹ tí o fi ránṣẹ́ kò hó.

Ràṣídátù Aláró


Manchester
Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Màmá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo kọ ìwé kan, mo fà á ya nítorí kò yẹ kí ọmọ kọ irú rẹ̀ sí ìyá. Èyí náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ.

Òótọ́ ni ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún kà. Mo mọ̀ ọ́n, n kò sì kọ ọ́, nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe. Ẹ sì ti fi ṣe é. Àmọ́ ojú ìwé kan ni Rẹ̀mílẹ́kún kà, ó wá pa kọ̀ǹpútà dé. Ẹ gbọ́ ìyókù. Kòkòrò tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú oògùn àtijọ́. Ọmọ tó bá gbà á yóò máa yà á jáde nínú ìgbẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní àdúgbò tí gbogbo ọmọ ti gbà á, kòkòrò náà kò ní rí ibi wọ̀, yóò kú sínú gọ́tà. Ní àdúgbò tí àwọn ìyá àgbà ọlọ́gbọ́n pọ̀ sí, yóò bọ́ sínú ọmọ tí kò gbà, láti ọ̀dọ̀ ìyẹn sí òmíràn, oṣù ń gorí oṣù, yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí agbára tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi padà sí i lára. Ẹ béèrè ẹni tó ya àkọ́kọ́. Àwa onímọ̀ ni. Ìyókù, irú yín ló ń yà á. Oògùn tuntun tó wà nínú kúlà lóṣù kẹrin, wọ́n ti tún un ṣe kí ó má lè tètè yí padà bíi ti àtijọ́. Òun ni ẹ fi aró lé lọ.

N kò bẹ̀ yín mọ́. Mo ti bá ìyá Adéjọbí sọ̀rọ̀ ní Iléṣà. Wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá mú Humairah. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, wọn kò lè kọ́ ọ ní kéú, ṣùgbọ́n wọn yóò mú un lọ gba oògùn. Ẹ di ẹrù rẹ̀ fún wọn.

Kifayat


Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Kifayat,

Mo kí ọ. Àna rẹ dé.

Julianah wọlé láàárọ̀, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ sí ìkórè. Mo ní kí ó jókòó, ó ní òun kò wá jókòó. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní bẹ́ẹ̀ lòun yóò wà títí òun yóò fi gba ọmọ ọmọ òun. Mo wò ó, mo ní, "Ọmọ òṣómàáló, bí àwọn bàbá yín ṣe ń lóṣòó sin owó aṣọ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ yín." Ó sọ Ìjẹ̀ṣà lé mi lórí títí, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ń pe ọmọ náà ní Wúrà, orúkọ tí wọ́n fún un lọ́hùn-ún. Humairah sì ń jẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Nígbà tí oòrùn kọjá àtàrí, orúnkún arúgbó kò gbà mọ́, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì.

Ìwọ tí mo bí lo wá ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ fún ará Iléṣà. O kọ ọ́ pé irú mi ló ń ya ìyókù. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe sọ. Inú mi dùn pé o kọ ọ́, kí n lè ní i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o bá wálé tí o ń sunkún.

Ilé kò ní láburú. Ibà ń ṣe Àsmá'ù ọmọ Kàósárà, mo ti se àgbo fún un. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó kọ̀ kò rìn láti àná, ó ní kí wọ́n máa gbé òun. Ìyá rẹ̀ ti kẹ́ ẹ bàjẹ́.

Ràṣídátù Aláró


Manchester
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Màmá,

Ẹsẹ̀ wo? Ṣé ó rọ̀, àbí ó le? Ẹ gbé Àsmá'ù lọ sí ọsibítù ìjọba lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́ lójijì lẹ́yìn ibà. Wọn yóò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́míìsì kankan gún un lábẹ́rẹ́ ibà, ìyẹn lè mú ẹsẹ̀ náà burú sí i.

Ẹ sì gbé Humairah lọ gba oògùn. Ẹ bínú sí mi bí ẹ ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ. Mo ti ń pè yín láti àárọ̀, fóònù yín ti kú.

Kifayat


Manchester
Ọjọ́ kejì, oṣù keje, ọdún 2025

Màmá mi,

Ẹ kò dá mi lóhùn. Rẹ̀mílẹ́kún ní òun fi ìwé mi lé yín lọ́wọ́, pé ẹ kà á níṣojú òun, ẹ sì jáde. Ìyá Adéjọbí náà kò sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́ fún mi? Ṣé ọmọ mi ń rìn? Ẹ kọ ìyẹn nìkan.

Kifayat


Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2025

Àpìkẹ́,

Àlàáfíà fún ọ. Ọmọ rẹ ń rìn. Ọjọ́ tí mo rí ìwé rẹ ni mo gbé e lọ gba oògùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn mo gbé e lọ sí Iléṣà fúnra mi, mo fà á lé Julianah lọ́wọ́. Kò yọ̀ mí. Ó bu omi fún mi, ó ní kí n jókòó, ìyẹn sì dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Àsmá'ù kò rìn mọ́. Ẹsẹ̀ òsì ni. Wọ́n gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, èsì dé pé ẹ̀yà kejì tí o sọ ni. Dókítà ní kò sí oògùn tí yóò dá ẹsẹ̀ náà padà, pé kí ìyá rẹ̀ máa bá a nà án, kí ó má bàa ká kò.

N kò kọ̀wé, nítorí ohun mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bi Kàósárà bóyá ọmọ náà gba ẹ̀kán lóṣù kẹrin, ó ní ó gbà á. Ó ní òun ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ náà, òun rí àmì lórí èékánná rẹ̀, òun sì dúpẹ́ pé wọn kò fo ọmọ òun. Ó fi Kúránì búra. Ara ògiri wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé oògùn yẹn ló sọ Àsmá'ù di arọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé kúlà dé, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn ọlọ́mọ ń wá kí mi. Wọ́n ní, "Àlàájà, ẹ̀yin lẹ ríran, ó pẹ́ tí ẹ ti ń sọ ọ́." Mo jókòó, mo ń gba oríyìn, mo ń ní kí wọ́n bu omi mu.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ mú ìmáàmù dání láti wá bẹ àdúgbò. Àwọn ará àdúgbò tì wọ́n. Ẹnìkan gbá kúlà bọ́ lọ́rùn ọmọbìnrin kan, ìgò oògùn fọ́n ká sílẹ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń ṣà wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo dìde. Mo ní Àsmá'ù kò gbà á. Mo ní aró ni wọ́n rí, èmi ni mo fi sí i.

Ojú tí wọ́n fi wò mí, wọn kò fi irú rẹ̀ wò mí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí mi tẹ́lẹ̀ ń gba ẹ̀yìn mi kọjá. Oníbàárà tó gbé aṣọ wá wá kó o padà ní funfun, kò jẹ́ kí ọwọ́ mi kàn án. Wọn kò jayò pa. Èmi náà ti fi irú ojú yẹn wo ènìyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ọmọ wọn jáde, wọ́n tò sí iwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbà á.

Má kọ̀wé ìkẹ́dùn sí mi, n kò ní kà á. O mọ ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà láti inú ọmọ kan sí òmíràn, o sì ya àwòrán rẹ̀ fún mi kedere. Mo kọ orúkọ Àsmá'ù sí ọ, pé mo ki ìka rẹ̀ bọ aró. Nínú gbogbo ìwé tí o fi bú mi kí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó dákẹ́, Humairah nìkan ni o ní kí n gbé lọ. Kí ìwọ náà jókòó ti ìyẹn lọ́hùn-ún.

Kàósárà kò bú mi. Ó wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó pọn ọmọ náà. Mo rò pé ó wá ṣépè fún mi, mo sì ti múra láti ṣe àmín sí i. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, "Àlàájà, nígbà tí ẹ fà á lọ́wọ́ lọ síbi ìkòkò, ṣé ó sunkún?"

Mo ní kò sunkún. Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún na ọwọ́ kejì sí mi.

Ràṣídátù